Ìkéde fún Ẹgbẹ́: Aṣọ Fífọ̀ Lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. A ò ní jókòó ṣe ìpàdé ní Sátidé yìí. Aago méje àárọ̀ la ó pàdé ní Aké, ní Abẹ́òkúta, ká lọ fọṣọ fún àwọn àgbàlagbà àdúgbò tí ọmọ wọn ò sí nítòsí. Ẹ mú ọṣẹ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́ o. Ta ní ń fi léèsì fọṣọ? Jésù pàápàá bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn (Jòhánù 13).

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tẹ́ ẹ ò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà wọn ọ̀pá tó pé fún oníbàárà. Ìsìn nìyẹn náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́