Ẹ Yé Bi Ìyá Ọmọ Léèrè Ẹ̀ṣẹ̀ Tó Dá

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo ka ẹ̀rí tí ẹ gbé jáde ní ojú ìwé ẹ̀sìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ní jẹ́nótáìpù rẹ̀, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tó jogún lọ́wọ́ òbí, yí padà láti SS, tí í ṣe àrùn síkúlà, sí AS, ti ẹni tó kàn gbé S kan láìní àrùn náà, lẹ́yìn ààwẹ̀ àti àdúrà. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní aláìgbàgbọ́, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ohùn agogo àdúrà ìdájí sì ni mo fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ títí mo fi dàgbà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo wa ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀, tó dìde tó ń béèrè ẹ̀bà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ní rọrùn: ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ yẹn lára kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò kejì? Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn mọ ibi tí mò ń lọ. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AA, tí kò ní S rárá, sí ọmọ SS lára, ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ni yóò jọ máa rìn nínú iṣan rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ̀jẹ̀ àlejò yẹn tó tán. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín àkókò yẹn, A á yọjú, S náà á yọjú, ìwé á sì jáde pé AS. Kò sí ẹni tó purọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n kà. Kí ìyá ọmọ náà dúró kí oṣù mẹ́rin pé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, kó tún gbé e lọ síbi àyẹ̀wò, kó má sì dá oògùn ọmọ dúró kó tó dìgbà náà. Bó bá tún jáde ní AS, kó ránṣẹ́ pè mí, màá bá a jó dé iwájú pẹpẹ.

Àmọ́ kì í ṣe ìwé àyẹ̀wò ló gbé mi dé ìdí kálàmù. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀rí náà tí ẹ tẹ̀ jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀: pé ìwòsàn náà kò dé àfi ìgbà tí ìyá ọmọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ níwájú ìjọ.

Ìyá ọmọ. Bàbá ńkọ́? S kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, S kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, òun ló ń di SS. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni méjì ni, kí wọ́n jọ wá kúnlẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní kí bàbá ọmọ síkúlà wá jẹ́wọ́.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tó wà ní wọ́ọ̀dù wa, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọyẹ́ ló fa kíráísìs, ìrora ńlá tí síkúlà máa ń mú wá, sí i lára. Egungun itan àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ ń fọ́ ọ, ó ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń kán sí iṣan rẹ̀ láti inú ike. Àwọn ẹlẹgbẹ́ àdúrà ìyá rẹ̀ wọlé lásìkò ìbẹ̀wò, wọ́n mú Bíbélì àti ìgò òróró wá. Kí wọ́n tó ṣí Bíbélì, olórí wọn ti kọjú sí ìyá ọmọ: «Màmá wa, ẹ yẹ ara yín wò o. Nǹkan kan wà tí ẹ kò tíì jẹ́wọ́.» Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò pariwo, ó tilẹ̀ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ọmọ náà ń gbọ́. Mo rí i tó yíjú sí ìyá rẹ̀ láti mọ ohun tí yóò fi fèsì.

Nígbà tí wọ́n lọ, tí mo wá fún ọmọ ní oògùn ìrora, mo béèrè oògùn fólíìkì tí ọmọ náà ń lò nílé. Inú agolo páúdà ni ìyá rẹ̀ ti yọ ọ́ jáde. Ibẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí àwọn ará ìjọ tó bá wá sílé má baà rí i kí wọ́n ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí fólíìkì ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ dá máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ọmọ SS kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún. Ara ọmọ náà kò ní ìsinmi, òru ọ̀sán ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, fólíìkì sì wà lára ohun èlò tó fi ń ṣe é. Ohun tí ìyá ń fi pa mọ́ sínú páúdà nìyẹn, bí ẹni tó ń fi igbó mímu pa mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan láti inú ìjọ kan náà dá nìkan wá. Ó mú fíláàsì omi gbígbóná dání, ó pò ó mọ́ tútù, ó ń rọ ọmọ náà kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì rẹ aṣọ ìnura sínú èyí tó kù, ó fi ń jó ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n omi mímu àti ìmóoru wà lára ohun tí dókítà máa ń pàṣẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ṣí Sáàmù 121. «Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi,» ló wí, ó sì ń kà á bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ibi «kì yóò tòògbé» ni oorun ti gbé ọmọ lọ. Ó pa Bíbélì dé níbẹ̀, kò kà á tán.

Ìjọ kan náà ni àwọn tọ̀hún àti ìyá yìí. Ìwé kan náà ni wọ́n gbé wá.

Ẹ wo Jòhánù orí kẹsàn-án. Ọkùnrin afọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá ń jókòó, àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì béèrè ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ó dá ẹjọ́ náà nù lójú ẹsẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi pò amọ̀, ó fi kun ojú ọkùnrin náà, ó ní kó lọ wẹ̀ ní adágún Sílóámù. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ ẹ̀yìn, ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn ni a tún ń gbé kiri wọ́ọ̀dù.

Ibi tí a ti gbé ìbéèrè yẹn wá kò ṣòroó mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ SS, àwọn ìyá wa àtijọ́ ń bí ọmọ, ọmọ ń kú, wọ́n ń tún bí, ó ń tún kú. Wọ́n pè é ní àbíkú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, lójú àwọn oníṣègùn òde òní, síkúlà ló pa wọ́n. Wọ́n ń sọ wọ́n ní Málọmọ́, wọ́n ń sọ wọ́n ní Dúrósinmí àti Kòsọ́kọ́, wọ́n sì ń fi abẹ ṣá òkú òmíràn lára kó má baà padà wá. Ìyá tí àbíkú ń bá jà, wọ́n á ní kó lọ wádìí ọwọ́ ara rẹ̀ wò, bóyá òru ló ń rìn nígbà tó wà nínú oyún, bóyá ó ti ṣẹ ẹnì kan. Ọdún 1949 ni Linus Pauling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé inú èròjà ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó ń fa síkúlà wà. Ìjọ wa ń wàásù pé a ti kọ àbíkú sílẹ̀. Ìyá àbíkú ni a kò tíì kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, a kàn wọ aṣọ funfun fún un ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní àwọn bàbá wa tó dá Aládùúrà sílẹ̀ kò lo oògùn. Òótọ́ ni. Àmọ́ oògùn wo ni wọ́n kọ̀? Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà wọlé ní 1918, tí àwọn bíi J. B. Sadare àti Sophia Odunlami kó ara wọn jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí dókítà òyìnbó tó ní ohun tó lè fi wo àrùn náà, nílùú òyìnbó pàápàá. 1928 ni wọ́n ṣàwárí penisílíìnì, ọdún 1940 sókè ló sì tó di oògùn tí aráyé ń lò. Ní 1930 tí ogunlọ́gọ̀ ń wọ́ tọ wòlíì Joseph Babalola lọ sí Òkè-Ooye ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé omi àdúrà kò fi ohun tó dára jù ú lọ sílẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi la ìgbà tí kò sí oògùn já gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ tó ní in.

Bíbélì kò sì bá oògùn ṣọ̀tá. Àìsáyà gbàdúrà fún Hesekáyà, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbà gbogbo. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, kò sì sọ pé ó dẹ́ṣẹ̀. Ti òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, èsì tó gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ tó fún un. Mo ti rí i kí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ń gbé wọ ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà gbọ́ ibẹ̀ yẹn kó sì mí kanlẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí ẹnì kan sọ fún un pé èèyàn lè gbàdúrà dáadáa kí ara sì má tíì yá. Sáàmù 88 náà, tí àwọn oníwàásù kì í sábà kà nítorí inú òkùnkùn ló parí sí, àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Nílé Jóòbù, ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ nǹkan kan ni wọ́n ṣe é lóore. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tilẹ̀ ń yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní ìlú yìí, títí kan tèmi, kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láìrí ìwé jẹ́nótáìpù àwọn méjèèjì. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gba ìwé, tó ń kà á. Kì í béèrè ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ́ AS. Ó kàn ń gbà á nímọ̀ràn ni. Ìmọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ parí sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Kí àwọn ẹgbẹ́ abẹ̀wò náà gbọ́ ọ, kí wọ́n tó gbé ìgò òróró.

Ẹ̀yin náà, olóòtú, bí irú ẹ̀rí báyìí bá tún dé ọwọ́ yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì tẹ méjèèjì síbẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ìyá ọmọ kò kan òǹkàwé.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.