Kí Ẹyin Àkọ́kọ́ Tó Dé: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàbbà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi tí ẹ ń ka ìwé yìí lórí fóònù, mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí kò tíì rí ṣe, Ọlọ́run á lànà.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ìwé ẹ̀yáwó tí ẹ ń kọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀. Ìyẹn ni mo fi mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, nígbà míì ju bí àwọn òbí yín ti mọ̀ ọ́n lọ. Ẹnì kan fẹ́ ra kámẹ́rà, ẹnì kan fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹlòmíì ń wá owó ilé ìwé lókè òkun. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wọlé jù, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán, ni ti adìyẹ: adìyẹ ẹlẹ́yin, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nínú kéèjì, àgò onírin yẹn. N kò mọ ẹni tó sọ fún yín pé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹnì kan náà ló sọ fún gbogbo yín.

N kò bá àlá náà jà. Kò sí ọjà tí wọn kì í ti í ra ẹyin, kò sí ọmọ iléèwé tí kì í jẹ ẹ́, mọ́tò ló sì ń kó ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ìyá ń tà létí títì wá láti ọ̀nà jíjìn. Kí ọmọ wa wò ó kó ní òun náà lè sìn ín nílẹ̀ bàbá òun, ọgbọ́n ni. Owó tí àlá náà ń jẹ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ọmọkùnrin kan mú ìwé tirẹ̀ wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Ó fi rúlà fa ìlà, ó kọ iye kéèjì, iye òròmọdìyẹ, owó bíríkìlà, páànù, páìpù omi, títí dórí owó pátákó tí yóò gbé orúkọ oko náà létí títì, pẹ̀lú àwòrán àkùkọ lára rẹ̀. (Àkùkọ lórí pátákó oko ẹlẹ́yin! Mo kó ẹ̀rín mì.) Ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ fíìdì, oúnjẹ adìyẹ, sí: àpò mẹ́wàá.

Mo ní, “Oṣù wo ni fíìdì yìí wà fún?”

Ó ní, “Ti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Màmá.”

“Èyí tó kù ńkọ́?”

“Tí wọ́n bá ti ń yé, àwọn fúnra wọn lá máa bọ́ ara wọn, mà.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé?”

Ó wolẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n o. Ó ti kà á pé ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni. Kò kàn mú un wá sórí ìwé ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá. Adìyẹ ẹlẹ́yin kan, láti ọjọ́ tó jáde nínú èèpo títí tí yóò fi yé ẹyin àkọ́kọ́, á jẹ tó kílò 7. Adìyẹ 500 á jẹ kílò 3,500. Àpò fíìdì wa jẹ́ kílò 25, àpò 140 nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹyọ ẹyin kan tà. Àpò mẹ́wàá ọmọkùnrin yẹn kò lè pé oṣù kan. Nígbà tí wọ́n bá sì ti ń yé, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa jẹ bíi gíráàmù 110 lóòjọ́. Kílò 55 fún gbogbo wọn nìyẹn, ó lé ní àpò méjì lójúmọ́, àpò 66 lóṣù. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan lọ́jà lónìí, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. N kò ní kọ iye náà síbí, torí kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ ẹni tó kẹ́yìn, ó lè ti gbówó lé e.

Nínú gbogbo owó tó ń jáde níbi iṣẹ́ adìyẹ, fíìdì nìkan ń kó tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, ó tiẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kéèjì tí ẹ ń wò pé ó wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á. Adìyẹ kì í sinmi oúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ máa ń sọ fún mi pé ẹyin ní ń di àkùkọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ òwe yẹn kò dárúkọ ẹni tó ń ra àgbàdo títí tó fi di àkùkọ. Ẹni yẹn ni mò ń wá nínú ìwé yín tí n kì í rí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an rèé. Ẹgbẹ́ wa kì í dúró de adìyẹ. Owó tí a bá yá ọ lóṣù yìí, oṣù tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, tòun tèlé. Adìyẹ rẹ kò ní yé di oṣù karùn-ún. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, wàá san gbèsè, wàá ra fíìdì, wàá ra oògùn àjẹsára, nǹkan kan kò sì ní ti inú oko wọlé. Àwọn tí oko wọn tú, tí àwọn èèyàn ń fi ọ̀lẹ bú, àárín oṣù wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣubú. Ó ti ṣojú mi rí tí ọmọ wa kan ta adìyẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá rẹ̀ ní iye ẹran nítorí pé fíìdì tán. Ebi ti mú àwọn adìyẹ náà débi tí wọ́n ń ṣá ìyẹ́ ẹ̀yìn ara wọn tu, awọ pupa ti yọ síta. Ẹni tó rà wọ́n gbé wọn sílé, ó fún wọn ní oúnjẹ, kò sì ju oṣù kan ààbọ̀ lọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé fún un. Gbogbo owó tí ọmọ yẹn ná, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló lọ so èso.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ronú nípa oníduùró. Ẹgbẹ́ kì í yáni lówó láìsí oníduùró méjì, ẹ̀yin kì í sì í rí ẹlòmíì mú wá ju àwọn ìyá tó fẹ́ràn yín. Ọ̀kan wà tó ń ta gàárì. Kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló tẹ̀ sí i, ó sì ń gbàdúrà fún ọmọ náà bó ti ń nu tàdáwà ọwọ́ rẹ̀ nù. Bí ọmọ kò bá san, owó tí ìyá yẹn ti ń tù jọ láti ọdún yìí wá ni a ó dì mú. Òfin ni, èmi ni mo sì máa fi ẹnu ara mi sọ fún un. Ìlú wa kò tóbi. Ẹ ó máa pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó máa pàdé níbi òkú àti níbi ìkómọ. Ẹlòmíì kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Igi kajú ìyá rẹ̀ ló fi dógò lọ́wọ́ oníṣòwò nígbà tí kajú kò tíì tanná, ní iye tó wu ẹni tó mú owó dání. Tí oṣù kejì ọdún bá dé tí kajú ń jábọ́, ìyá á dúró lábẹ́ igi tirẹ̀, á máa wo ẹlòmíì bó ti ń ṣà á.

Ẹ sì ti gbọ́ ọ pé a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Èèyàn lè ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ kó má bọ́ sí i. Àrùn Newcastle tó ń pa adìyẹ kò ní oògùn tó ń wò ó sàn. Àjẹsára nìkan la ní, àrùn náà sì lè gbá ọgbà tí kò gba àjẹsára mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 2006, àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, irú tí wọ́n ń pè ní H5N1, wọ Nàìjíríà, oko kan ní Jàjí, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, wọ́n sì pa adìyẹ tó wà láàyè lọ rẹpẹtẹ kó má baà tàn. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí owó sì wọ́n bí ojú, adìyẹ yé, ẹyin gọ́ sílẹ̀, kò sí owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò iṣẹ́ àgbẹ̀ tìjọba àpapọ̀, NAIC, ń gba adìyẹ sínú ètò wọn, àmọ́ n kì í rí owó ìbánigbófò nínú ìwé yín bí mo ti ń rí owó pátákó.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń pè mí ní Màmá Rárá. Ẹ máa pè mí o. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbọ́ ti ọmọbìnrin kan tí mo bá dúró níwájú ìgbìmọ̀, tí mo ní kí wọ́n fún un. Adìyẹ 60 ló béèrè fún. Ó ń kọ́ni ní iléèwé aládàáni, owó tí wọ́n ń san fún un kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n oṣooṣù ló ń wọlé. Ó kọ oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ àpò 17 fún ìgbà tí wọn kò tíì yé, àpò mẹ́jọ lóṣù fún ìgbà tí wọ́n bá ń yé, ó sì fi owó iṣẹ́ rẹ̀ dí oṣù tí kò sí ẹyin. Ó wá ní, “Màmá, tí gbogbo wọn bá kú, ọdún kan ni n ó fi san gbèsè náà nínú owó oṣù mi. Á dùn mí, àmọ́ kò ní kan ẹnikẹ́ni.” Àlá rẹ̀ kò kéré sí ti ọmọkùnrin onípátákó. Ó ti wò ó dé ibi tó burú jù, ó sì rí i pé òun lè gbé e.

Adìyẹ 60 kò lè bọ́ èèyàn. N kò ní parọ́ fún yín. Díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń ra fíìdì rẹ̀, iye kékeré ló sì ń kù sílẹ̀. Ẹ kà á sí owó iléèwé. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ bí òròmọdìyẹ ṣe ń gbọ̀n lóru ọyẹ́, bí èédú ṣe ń kú lágogo mẹ́ta òru, bí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ṣe ń yọ bí ilẹ̀ bá rin lákòókò òjò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n láìná kọ́bọ̀, kó lọ bá oníadìyẹ ṣiṣẹ́ látìgbà òròmọdìyẹ dé ìgbà ẹyin, tàbí kó lọ béèrè ọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kàbbà níbí. Ilé ìmọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, fóònù la sì ń bi.

Ọ̀nà míì náà wà. Bùrọ́ílà, adìyẹ tí a ń sìn fún ẹran, ń tó tà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, owó rẹ̀ kì í pẹ́ níta. Èèyàn sì lè ra àwọn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yé, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní point of lay. Wọ́n wọ́n ju òròmọdìyẹ lọ dáadáa, àmọ́ ẹlòmíì ti bá ọ jẹ ìyà oṣù mẹ́rin yẹn. Ẹ tún wo ilẹ̀ tí a jókòó lé. Àgbàdo ni ó ń kó ìdajì fíìdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa sì ń gbìn ín. Ẹni tó bá kó òròmọdìyẹ wọlé nígbà tí àgbàdo tuntun ń wọlé lóṣù keje, tó sì ti gbin tirẹ̀ tàbí tó rà á pamọ́ nígbà tó pọ̀, Kérésìmesì ni ẹyin rẹ̀ máa bá. Ọ̀rinrin òjò á fẹ́ dà á láàmú, kó múra fún un.

Ohun tí mo sọ yìí kan ẹ̀yin tó kù. Ẹ̀yin oníkámẹ́rà, ẹ kọ iye òde tí ẹ ń rí lóṣù tí kò sí ìgbéyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba wọn ti bi yín ní ìbéèrè mi ṣáájú mi: yàtọ̀ sí owó ilé ìwé, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó ilé àti oúnjẹ hàn, títí dé oṣù mẹ́sàn-án, kó sì ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28. Ẹ̀yin wá lọ yá owó náà fún ọjọ́ 28, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ dá a padà. Òyìnbó kọ́ lẹ tàn. Ẹ̀yin lẹ máa dé ibẹ̀ tí oṣù kejì máa béèrè owó ilé lọ́wọ́ yín.

Ìgbìmọ̀ wa ń jókòó ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ẹ mú ìwé yín wá bá mi ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ fa òpó mẹ́fà sí i, oṣù kìíní dé oṣù kẹfà: owó tó ń jáde lókè, owó tó ń wọlé nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tó ti ń wọlé. Oṣù tí nǹkan kan kò bá wọlé, ẹ kọ òdo sí i, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo. Mo ní bírò, mo ní kalikulétọ̀, àyè sì wà lọ́wọ́ mi. Bó bá jẹ́ kajú ìyá yín lẹ fẹ́ fi dógò, ẹ mú òun náà dání, ó lè ní ìbéèrè tirẹ̀.

Èmi ni ìyá yín,
Akápò