Ẹ má gbé ẹ̀rọ elépo wọ inú kànga mọ́ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kànga ló gbé mi dìde lónìí, mo sì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.

Mo ní ọgbà ẹ̀fọ́ kékeré kan lẹ́yìnkùlé mi l'Olódó níbí n'Ìbàdàn, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú díẹ̀, ata rodo létí ògiri. Kànga ló ń bọ́ gbogbo ẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀ kò sí wàhálà, omi á kún débi pé okùn kékeré ti tó o, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọyẹ́ wọlé báyìí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọlẹ̀, pọ́ńpù mi náà á sì bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Èyí tó ń jókòó sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni o, kì í ṣe sumo tó ń gbé inú omi. Mo máa tàn án, á máa kùn bí oyin, omi ò ní jáde.

Ṣẹ́ ẹ rí i, pọ́ńpù yẹn ò mọ afẹ́fẹ́ fà, omi ló mọ̀. Tí omi inú ẹ̀ bá ti sá padà sí kànga, àfi kẹ́ ẹ tú nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ kẹ́ ẹ rọ omi sí i, òun làwọn púlọ́ńbà ń pè ní práìmù. Bùútà àlùwàlá ni mo fi ń rọ tèmi torí ẹnu ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rọra máa rọ ọ́ o, afẹ́fẹ́ á máa yọ gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ títí omi á fi dúró sẹ́nu ihò yẹn tí kò ní lọ sílẹ̀ mọ́. Tó bá ń lọ sílẹ̀ ṣáá, ẹ yéé fi omi ṣòfò. Mo rọ tó gárawá méjì lọ́jọ́ kan kó tó yé mi pé ìsàlẹ̀ ló ti ń jò, a fa páìpù jáde, òkúta wẹ́wẹ́ kan tí ò ju èkùrọ́ lọ ló há sẹ́nu fútù-báàfù, ìyẹn ọmọrí tó wà nídìí páìpù tó yẹ kó dá omi dúró kó má padà. Mo yọ òkúta, mo fọ̀ ọ́, ó parí.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni jọ́ìnì páìpù. Níbi tó bá ti ń fa afẹ́fẹ́ ẹ ò ní rí kí omi kán níbẹ̀ rárá, torí ṣe ló ń fà á wọlé, kì í tì í jáde. Ẹ bu ìfófòó ọṣẹ, ẹ fi pa gbogbo jọ́ìnì nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́, ibi tó bá ti gbé ìfófòó yẹn mì, ibẹ̀ ni. Tú u, wé tépù funfun mọ́ ọn, dè é padà. Ẹ má sì tan pọ́ńpù sílẹ̀ lófìfo kẹ́ ẹ wá lọ máa dáhùn fóònù bíi tèmi, omi yẹn náà ló ń mú síìlì inú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí i kí omi má jò, tutù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kó jó.

Àmọ́ lọ́dún yìí mo ṣe gbogbo ẹ̀, omi ò jáde. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta pọ́ńpù, ẹni tó ń tà á ní kí n ra alágbára, pé hóòsì páwà kan tèmi kéré, kí n mú méjì. Mo rà á o. Kò yàtọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tówó ti lọ ni mo wá mọ̀ pé pọ́ńpù tó bá jókòó sókè, bó ti wù kó tóbi tó, kò lè fa omi tó bá jìn ju nǹkan bíi mítà 7 sí 8 lọ, ìyẹn bíi fíìtì 25, kódà tí gbogbo nǹkan bá pé pérépéré kò lè ju mítà 10 àti díẹ̀ lọ láéláé. Ìdí ni pé pọ́ńpù gan-an kọ́ ló ń gbé omi gòkè, ó kàn ń ti omi inú ẹ̀ jáde kí ìtẹ̀ inú páìpù lè dín kù ni, atẹ́gùn ìta tó tẹ omi kànga mọ́lẹ̀ ló wá ń tì í gòkè, ibi tí agbára atẹ́gùn yẹn mọ nìyẹn. Omi tèmi ti lé ní fíìtì 30. Ká ní mo kọ́kọ́ so òkúta mọ́ okùn kí n fi wọ̀n ọ́n ni, mi ò bá má náwó kankan.

Ibẹ̀ ni bọ̀bọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní omi tó bá sá, ká lé e lọ. Ó lọ yá ẹ̀rọ elépo kékeré táwọn olóko fi ń fa omi létí odò, ó to pákó sórí rínǹgì nínú kànga, a fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tàn án, ó gun òkè padà kíákíá. Omi jáde! Mi ò lè purọ́, inú mi dùn, mo ń fomi wọ́n tẹ̀tẹ̀ kiri. Nígbà tó máa fi tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rọ wúkọ́, ó kú. Bọ̀bọ́ ti gbé ẹsẹ̀ kan lé rínǹgì, ó fẹ́ lọ tún un tàn, ni ìyá kan tó ń gbé ilé kejì figbe ta látojú fèrèsé: "Má wọ̀ ọ́! Tó o bá wọ̀ ọ́, ẹnì kejì ló máa wá gbé ẹ, ẹnì kẹta á wá gbé ẹnì kejì!" Mo gbá a lápá mú.

Òótọ́ ni màmá yẹn sọ. Èéfín ẹ̀rọ elépo ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì nínú, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ̀jẹ̀ èèyàn sì fẹ́ràn ẹ̀ ju atẹ́gùn tá à ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kànga ò sì ní wíńdò. Ẹ̀rọ lè kú kó jẹ́ pé èéfín ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn máa kọ́kọ́ sọ àbẹ́là kalẹ̀, tí kò bá kú á jẹ́ pé kò séwu. Ẹ má dán an wò o. Àbẹ́là lè máa jó dáadáa nínú kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó máa pa èèyàn, ká má tíì sọ pé òórùn pẹtiróòlù wà níbẹ̀ tó lè gbiná. Tí ẹnì kan bá sì ti ṣubú síbẹ̀, ẹ má bọ́ sínú ẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ sáré pe àwọn panápaná, tó bá ti so okùn mọ́ra tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ dúró sókè fà á.

Owó èésú tí mo kó ni mo fi ra sumo. Òun náà ní tiẹ̀ o. Okùn gidi ni kẹ́ ẹ fi so ó rọ̀, kì í ṣe wáyà iná, torí wáyà tẹ́ ẹ bá fi ń fà á á bó lọ́jọ́ kan, iná á sì wọ inú omi. Ẹ yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pàápàá tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ tutù, kẹ́ ẹ sì ní kí oníná ṣe áàtì sí i, ìyẹn wáyà tó ń darí iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún, ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu kànga àti fèrèsé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kó tó di oṣù kejìlá, torí ìgbà yẹn lomi ń bẹ̀rẹ̀ sí í sá tí àwọn ọ̀dọ́ á tún máa wá pákó kiri. Ní ti ìyá ilé kejì, mo ti ń gbé tẹ̀tẹ̀ lọ fún wọn láràárọ̀ débi pé wọ́n ní kí n sinmi, pé àwọn ò ṣe ehoro.

Èmi ni tiyín,
Ológbà ẹ̀fọ́ kan, Olódó, Ìbàdàn