Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ láti Beaufort

Beaufort, South Carolina
Oṣù kẹfà

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ilé o. Ṣé ara ìyá ti le dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ooru ti dé, èyí tó máa ń bá atẹ́gùn òkun wọlé, tí aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ni lára kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé wọ́n ti mú ọ sínú ìgbìmọ̀ tí yóò ṣètò ọjọ́ ìlú lọ́dún yìí, àti pé kí n sọ bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ohùn rò tán lọ, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n mú. O mọ ìlú wa, o sì mọ ohun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀.

Beaufort kò tóbi rárá. Nǹkan bí 13,600 èèyàn ni wọ́n kà síbẹ̀ nínú ìkànìyàn ọdún 2020. Omi ló yí i ká, àwọn erékùṣù sì wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi afárá so pọ̀. Àmọ́ ìlú kékeré yìí mọ ọdún í ṣe. Kò sí àsìkò kan tí nǹkan kò ní máa ṣẹlẹ̀ létí omi tàbí ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì kan.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti ìparí oṣù karùn-ún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán. Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù náà ni gbogbo Amẹ́ríkà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wọn tó kú. Níbi púpọ̀, ó ti di ọjọ́ ìsinmi lásán: wọ́n á sun ẹran, wọ́n á lọ ra ọjà tí wọ́n dín lówó. Ní Beaufort, kò rí bẹ́ẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun wà láàárín ìlú, ọdún 1863 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé wọn ṣì ń gbóná. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń jáde lóko ẹrú ni wọ́n ń gbé ìbọn. Nígbà tí ogun parí, àwọn èèyàn dúdú ló gba ọjọ́ yìí mọ́ra. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi àti rélùwéè wá láti Charleston àti Savannah, wọ́n á kó òdòdó sórí sàréè, báńdì á máa lù níwájú, àwọn ọmọléèwé á máa tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn: ìwọ́de ní òwúrọ̀, lẹ́yìn náà kí gbogbo èèyàn kọrí sí itẹ́ òkú.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ. Ní ọdún 1987, wọ́n hú eegun èèyàn jáde ní erékùṣù Folly, nítòsí Charleston. Ọmọ ogun 19 ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú, ará ẹgbẹ́ ogun kan tó wá láti Massachusetts. Láti ìgbà ogun ni wọ́n ti wà nínú iyanrìn, tí kò sẹ́ni tó bèèrè wọn. Nígbà tó di 1989, ní ọjọ́ ìrántí yìí gan-an, wọ́n kó gbogbo wọn wá sí Beaufort, wọ́n sì sin wọ́n pẹ̀lú ẹ̀yẹ tó tọ́ sí akọni. Ìgbàkigbà tí mo bá dé ìdí àwọn sàréè wọ̀nyẹn ni omijé máa ń bọ́ lójú mi. Ó lé ní ọgọ́fà ọdún tí wọ́n fi sùn síta kí ẹnì kan tó gbé wọn wọlé. Àwọn àgbà obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, á dúró lójú oòrùn láìjókòó títí wọ́n á fi gbé òdòdó kalẹ̀ tán.

Ní oṣù karùn-ún yìí kan náà ni wọ́n tún máa ń sọ ìtàn Robert Smalls fáwọn ọmọdé. Beaufort ni wọ́n ti bí i lẹ́rú ní 1839. Lóru ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún, ọdún 1862, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ ogun àwọn ọ̀gá wọn jáde ní èbúté Charleston. Wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, ó dé fìlà ọ̀gá ọkọ̀ náà, ó ń fọn fèrè tó yẹ kó fọn níwájú ibùdó ogun kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọjá títí wọ́n fi já sí òmìnira. Nígbà tó yá, ó ra ilé ẹni tó ni ín lẹ́rú rí, ó sì dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington. Inú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì kan láàárín ìlú ni sàréè rẹ̀ wà, pẹ̀lú ère orí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje níbí lè ro ìtàn yìí fún ọ láìkọsẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ tiwa ló lè ro ìtàn ẹni tó tẹ ìlú wa dó? Mo fẹ́ kí o gbé ìbéèrè yẹn síwájú ìgbìmọ̀ yín.

Ìparí ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọdún àwọn Gullah máa ń bọ́ sí. Gullah ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí àwọn erékùṣù yìí láti gbin ìrẹsì àti òwú. Nítorí omi tó là wọ́n láàárín, wọ́n dá wà fún ìgbà pípẹ́, èdè wọn àti oúnjẹ wọn sì bá wọn dúró. Àwọn kan á sọ fún ọ pé Yorùbá ni gbogbo wọn. Má gbà. Ọ̀pọ̀ àwọn baba wọn wá láti apá Sierra Leone, Senegambia àti Àǹgólà. Ààrẹ Sierra Leone pàápàá wá kí wọn ní 1988 gẹ́gẹ́ bí ìbátan. Kò yẹ ká fi ìfẹ́ gba baba olóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá dé ìdí ìkòkò wọn, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún ọ kí o tó jókòó. Ìrẹsì pupa wọn ń ta sí jọ̀lọ́ọ̀fù, ọbẹ̀ ilá wọn ń fà, wọ́n sì ń fi yànmọ̀tí ṣe ìpékeré dídùn kan tó ń dún ṣákáṣáká lẹ́nu. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti edé, àgbàdo, ànàmọ́ òyìnbó àti sọ́sééjì tí wọ́n ń bọ̀ pọ̀ nínú agbada ńlá kan. Wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á dà á sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sí, gbogbo èèyàn á sì yí i ká, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwọn ẹbí tó ti fọ́n lọ sí New York àti Philadelphia máa ń padà wálé nígbà náà, tíṣáàtì kan náà lára gbogbo wọn, tí orúkọ ẹbí wà láyà rẹ̀. Aṣọ ẹbí ni, Àṣàkẹ́!

Tó o bá fẹ́ Yorùbá gangan, wọ́n wà níbí náà. Ní Sheldon, nínú àgbègbè Beaufort yìí, abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà níbẹ̀ láti 1970. Aláwọ̀ dúdú ará Detroit tó lọ ṣe òrìṣà ní Kúbà ní 1959 ló dá a sílẹ̀, òun ló wá di Ọba Efuntola Oseijeman Adefunmi Kìíní. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oṣooṣù ni wọ́n ń ṣe ọdún òrìṣà kan. O mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan tí kò tẹ Nàìjíríà rí ń kí Ọ̀ṣun, tí ilù sì ń gbè é, ẹsẹ̀ mi kò gbéra ńlẹ̀ títí ó fi parí.

Ti àwọn aláwọ̀ funfun àti gbogbo ìlú lápapọ̀ ni ọdún omi, ní oṣù keje. Láti 1956 ni wọ́n ti ń ṣe é. Orin, ìwọ́de, ìdíje ẹja pípa fáwọn ọmọdé, wọ́n á sì gbàdúrà sórí àwọn ọkọ̀ apẹdé. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀: àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹni tó ń darí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga náà títí tí yóò fi di ogún ilé bàbá rẹ̀.

Èyí tó kù ni ti oṣù kọkànlá, ní erékùṣù St. Helena, ní òdìkejì afárá tí a máa ń gbà kọjá. Penn Center ló ń ṣe é, wọ́n ń pè é ní Heritage Days. Ní 1862 ni wọ́n dá Penn sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ fáwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di òmìnira. Ọjọ́ mẹ́ta ni ayẹyẹ náà: ẹja díndín, agbọ̀n tí wọ́n fi ìfẹ̀fẹ̀ hun, ìwọ́de, àti àwọn àgbà tó ń jó yípo, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ pákó, tí ẹsẹ̀ kì í sì í kọjá ara wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn ogun, àwọn baba wọn ra ilẹ̀ tí wọ́n ti fi wọ́n ṣẹrú lórí rẹ̀. Wọ́n kú láìkọ ìwé ìhágún, ilẹ̀ náà wá di ti gbogbo ọmọ pátá, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ẹbí wa. Ẹnì kan á ta ìpín tirẹ̀, olówó tó rà á á gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n á sì fipá ta gbogbo ẹ̀. Bí Hilton Head, erékùṣù kejì wọn, ṣe lọ nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ṣe afárá sí i ní 1956. Pápá gọ́ọ̀fù ló gbà á kan. Àwọn kan gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ géètì kí wọ́n tó lè dé ibi tí wọ́n sin bàbá wọn sí. Àwọn ará St. Helena rí i, wọ́n kọ́gbọ́n. Láti 1999 ni òfin ti wà tí kò gba ibùgbé onígéètì àti pápá gọ́ọ̀fù láàyè lórí erékùṣù wọn. Nígbà tí oníṣòwò kan fẹ́ kí wọ́n yọ ilẹ̀ tirẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin náà ní 2023, àwọn èèyàn tú jáde, ìgbìmọ̀ àgbègbè náà kò sì gbà fún un. Mo rí lára àwọn tó máa ń dín ẹja ní oṣù kọkànlá láàárín wọn. Wọ́n ti mọ ara wọn látìdí agbada, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ yín bá ń jiyàn lórí olórin tí wọ́n fẹ́ pè àti ibi tí àwọn olóṣèlú máa jókòó sí, bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá àyè fún àwọn agbo ilé láti dáná fúnra wọn, àti fún kíka orúkọ àwọn tó ti lọ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Obìnrin kan tó ń pàtẹ agbọ̀n ní Heritage Days ti fún mi ní ìdajì tábìlì rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Mo fẹ́ kó aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn síbẹ̀. Bá mi bi àwọn ahunṣọ ní ọjà yín ní iye tí wọ́n ń ta sányán àti àlàárì báyìí, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó hun ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lára, torí àwọn ará ibí á bèèrè. Tí o bá lè fi ránṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, màá fi owó ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ìyá fún mi, kí o sì jẹ́ kí n gbọ́ ọjọ́ tí ẹ mú fún ọjọ́ ìlú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́