Ọ̀gá tí kò kọ́ nípa àwùjọ yóò máa dá aláìjẹ̀bi lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nínú lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, òǹkàwé kan bèèrè ohun tí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àkóso, tí yóò máa bá owó àti ìṣirò yí látàárọ̀ dalẹ́, fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní sosiọ́lọ́jì, ṣe. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀gá ọ̀la, nítorí pé ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi èdè tó ta kókó sọ níbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, àṣìṣe tí mo sì ṣe lórí àga yẹn ló yí mi lọ́kàn padà, kì í ṣe ìwé kankan.

Ipò kan wà lábẹ́ mi nígbà náà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni láti kó iye ọjà tó wọlé àti iye tó jáde jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì mú un wá fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ kó tó mú un wá. Mo kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, nígbà tí kò sì yí padà, mo gbé e kúrò. Ẹni kejì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kò pé tí òun náà fi ń pẹ́, mo sì ka òun náà sí ọ̀lẹ. Ìgbà tí ẹni kẹta, tí èmi fúnra mi yàn nítorí pé mo mọ̀ ọ́n sí akínkanjú, tún jìn sínú ọ̀fìn kan náà ni mo tó jókòó, tí mo bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi látìbẹ̀rẹ̀: ṣé ènìyàn mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn rí lè jùmọ̀ hu ìwà kan náà bí kò bá jẹ́ pé àga náà ló ń sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀? Mo wádìí, mo sì rí i pé ọwọ́ ẹ̀ka méjì ni akọ̀wé náà ti ń gba iye wọ̀nyí, àti pé èmi gan-an ni mo ti fi ṣe àṣà pé ẹ̀ka tí iye tirẹ̀ bá kéré ni n ó bá wí ní ìpàdé. Kò sí olórí ẹ̀ka tó fẹ́ kí tirẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ń dúró de ara wọn, akọ̀wé tó wà láàárín wọn ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Mo yí ètò ìpàdé náà padà, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dé lásìkò. Àwọn méjì tí mo ti gbé kúrò, n kò rí wọn mọ́ kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ìmọ̀ àwùjọ jẹ́ kò ju irú ìbéèrè yẹn lọ, bí a bá bi í létòlétò, tí a kó ẹ̀rí jọ, tí a kò sì jẹ́ kí ohun tí a ń fẹ́ gbọ́ dáhùn rẹ̀ fún wa. Auguste Comte, ará ilẹ̀ Faransé, ló fún un ní orúkọ tí ayé fi ń pè é, ní nǹkan bí ọdún 1838, ṣùgbọ́n ìrònú náà dàgbà jù ú lọ: Ibn Khaldun, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní ìlú Tunis, ti ń ṣàlàyé ní ọdún 1377 ohun tó ń so àwọn ènìyàn pọ̀ tí wọ́n fi ń gba ìjọba, àti bí ìgbádùn ìjọba náà ṣe ń tú okùn náà. Ẹni tó fi í hàn kedere jù lójú tèmi ni Émile Durkheim, onímọ̀ àwùjọ ará Faransé, tó kọ ìwé ní ọdún 1897 lórí àwọn tó ń pa ara wọn. Ta ni kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ inú ẹni nìkan nìyẹn? Síbẹ̀ ó rí i pé iye àwọn tó ń ṣe é nínú àwùjọ kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, ó sì yàtọ̀ láti àwùjọ kan sí òmíràn gẹ́gẹ́ bí okùn tó so àwọn ènìyàn ibẹ̀ pọ̀ bá ṣe rí. Àwọn tó kú lọ́dún yìí kọ́ ni yóò kú lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n iye náà dúró. A jẹ́ pé nǹkan kan wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn tí a kò lè rí bí a bá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí òǹkàwé yín bá ní gbogbo ènìyàn ló ti mọ èyí, mo fẹ́ kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hawthorne, ilé iṣẹ́ Western Electric nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1924 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí níbẹ̀ bóyá iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa yóò mú kí òṣìṣẹ́ ṣe púpọ̀ sí i. Wọ́n fi kún iná, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Wọ́n dín iná kù, iṣẹ́ kò bá a dín kù. Ìtàn yìí ni àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àkóso fẹ́ràn láti máa sọ, pẹ̀lú ti àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n kó sínú yàrá kan ní ọdún 1927, tí iṣẹ́ wọn ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń yí àkókò ìsinmi àti wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Elton Mayo, olùkọ́ ní Harvard, polongo rẹ̀ káàkiri, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì rí mú níbẹ̀ kò ju pé kí a máa rẹ́rìn-ín sí òṣìṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn gan-an lórí ohun tí àbájáde náà túmọ̀ sí, n kò sì ní bá wọn dá sí i.

Èyí tí wọn kì í sọ tó bó ṣe yẹ ni ti àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá tí àwọn olùwádìí jókòó tì, tí wọ́n ń wò ní ilé iṣẹ́ yìí kan náà láàárín ọdún 1931 sí 1932. Iṣẹ́ wáyà fún ẹ̀rọ tẹlifóònù ni wọ́n ń ṣe. Iye tí gbogbo wọn bá jọ ṣe ni wọ́n fi ń ṣírò owó wọn, nítorí náà, lójú ẹni tó mọ ìṣirò nìkan, oníkálukú ni yóò máa ṣe é dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láìpe ìpàdé kankan, wọ́n ti ní iye tí wọ́n gbà pé ó tó fún iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, wọn a fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a sì gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lápá. Ẹni tó bá ṣe kéré jù, wọn a bá a wí. Ẹni tó bá sì gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé etí ọ̀gá, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé bí àwọn bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn aláṣẹ yóò gé owó iṣẹ́ náà kù, tàbí kí wọ́n dá àwọn kan dúró. Ọ̀gá tó bá ń ka ìwé owó nìkan kò ní mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Yóò pe èyí ní ìmẹ́lẹ́, yóò sì wá ẹni tó yára jù láàárín wọn láti yìn ín ní gbangba, láìmọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ ló ń bá a wá. Èmi náà ti yin ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń ṣe kàyéfì pé ìyìn náà kò mú inú rẹ̀ dùn.

Ẹ̀kọ́ yìí tún máa ń tú àṣírí ibi tí agbára wà gan-an. Michel Crozier, ará Faransé, ṣe ìwádìí ní àwọn ilé iṣẹ́ tábà ti ìjọba ilẹ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1963. Ó rí i pé òfin ti káwọ́ gbogbo nǹkan níbẹ̀ àfi ohun kan: ìgbà tí ẹ̀rọ yóò bàjẹ́. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan ló sì mọ bí a ti ń tún un ṣe. Nínú ìwé tó ń to ipò oníkálukú, wọn kò sí lókè rárá. Nínú ilé iṣẹ́, ojú wọn ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ọ̀gá tuntun tó bá fi ìwé yẹn ṣe atọ́nà yóò pàṣẹ títí, kò ní rí ẹni mú un ṣẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ tuntun. Eric Trist àti Ken Bamforth (Bamforth yìí ti wa èédú rí, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ará ọ́fíìsì lásán) kọ ní ọdún 1951 nípa àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n yan ara wọn ló máa ń ṣe iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n pín iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń wọṣẹ́ ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí àwọn ti àná kò parí ni àwọn tòní ń bá jìjàkadì. Ìbínú, ẹ̀bi tí wọ́n ń dà lu ara wọn àti àìwásíṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ra ẹ̀rọ náà rò pé irin ni òun rà. Kò mọ̀ pé òun ti tú ẹgbẹ́ kan ká.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan ni, bóyá n kì bá tí kọ̀wé sí yín. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kíní ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger tí Amẹ́ríkà fi ń lọ sínú òfurufú jíjìn fọ́ yángá lókè ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Rọ́bà tí wọ́n fi dí ojú ìsopọ̀ ẹ̀rọ tó ń tì í lọ sókè ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹnjiníà kan ti kìlọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ohun tó yá ènìyàn lẹ́nu láti sọ ni pé àwọn ọ̀gá ọlọ́kàn líle kan ló rú òfin. Ṣùgbọ́n Diane Vaughan, onímọ̀ àwùjọ, yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó sì kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1996 bani lẹ́rù ju ìyẹn lọ: wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà. Iná ti ń jẹ rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn ìrìn àjò tó ti kọjá. Nígbà àkọ́kọ́, ó kọ wọ́n lóminú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí àlàyé ṣe, ọkọ̀ lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ominú náà ti dín. Nígbà tó yá, àmì ewu ti di ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ bí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lè lé gbogbo ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lọ, kí ẹ kó ẹlòmíràn wá, bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ara mọ́ ewu kò bá yí padà, ibi kan náà ni àwọn ẹni tuntun yóò dé. Ẹ rántí àwọn akọ̀wé mi mẹ́ta.

Mo gbà pẹ̀lú òǹkàwé yín lórí ohun kan. Àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí bí ẹni ń ní kí ọmọ há orúkọ àwọn òkú sórí, àwọn mìíràn sì ń tà á fún àwọn aláṣẹ bí oògùn tí yóò mú kí òṣìṣẹ́ pa ẹnu mọ́. Wọ́n ti fi irú ẹ̀sùn kejì yìí kan Mayo náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwùjọ tòótọ́ kò ní yọ ọ̀gá sílẹ̀, torí òun náà wà nínú àwùjọ tó ń wò. Bí ó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á yí padà lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Ìròyìn tó dé etí rẹ̀ ti gba inú asẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kọjá, oníkálukú sì ti yọ ohun tó lè dá a lẹ́bi kúrò níbẹ̀. Kò sí ìṣirò tó lè sọ fún un ohun tó kù sínú asẹ́.

Nítorí náà, kàkà kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àkóso ṣe ni pé kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, láìfún un ní àṣẹ kankan. Kí ó máa wo ẹni tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ lọ nígbà tí iṣẹ́ bá dènà, ẹni tí wọn kì í bá jẹun pọ̀, òfin tí wọ́n kọ mọ́ ògiri tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé, àti ọ̀rọ̀ tó máa ń dákẹ́ nígbà tí ọ̀gá bá yọjú. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Bí òǹkàwé yín bá lè ṣe irú èyí fún ọ̀sẹ̀ kan péré, tó bá sì ṣì rò pé ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, inú mi yóò dùn láti ka lẹ́tà rẹ̀ kejì nínú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì