Ta ló ń tún ìlú ńlá ṣe?

Sí Olóòtú,

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí bí ìlú ńlá ṣe ń yí padà, ilé ìtajà ńláńlá láti òkè òkun ni a sábà máa ń yìn, bí ẹni pé àdúgbò àwọn àtìpó kàn ń gba àyè lásán ni. Èrò tèmi yàtọ̀.

Ẹ wo òpópónà Brick Lane ní London. Ilé ìjọsìn kan wà níbẹ̀ tí àwọn Kristẹni tó sá fún inúnibíni ní ilẹ̀ Faransé kọ́ ní ọdún 1743. Àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lò ó lẹ́yìn wọn, àwọn Júù sọ ọ́ di sínágọ́gù ní 1898, àwọn ará Bangladesh sì sọ ọ́ di mọ́sálásí ní 1976. Bí àwọn olùjọ́sìn ṣe ń yí padà ni òwò àdúgbò náà ń yí padà, láti orí ṣẹ́dà híhun títí dé aṣọ rírán àti ilé oúnjẹ.

Walmart, ilé ìtajà ńlá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ńkọ́, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀? Ó kẹ́rù kúrò ní Jámánì ní 2006, lára ohun tó sì fà á ni pé àwọn ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú ti ilẹ̀ náà ti ta gbòǹgbò ṣáájú rẹ̀.

N kò ní kí a lé oníṣòwò àjèjì. Ohun tí mò ń bẹ àwọn aláṣẹ ìlú fún ni pé, kí wọ́n tó wó ìsọ̀ kéékèèké nítorí ilé ìtajà ńlá, kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tó ń rajà níbẹ̀ léèrè.

Èmi ni òǹkàwé yín.