Dókítà kan ṣoṣo kò tó fún pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò

Sí Olóòtú,

Bí ẹ bá dé Rowe Park ní Yábàá, Campos Square ní Erékùṣù Èkó tàbí Evans Square ní Èbúté Mẹ́tta láàárọ̀ òpin ọ̀sẹ̀, kì í pẹ́ kí ẹ tó rí dókítà kan láàárín àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà nínú búùtù ọkọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìwòsàn ló ni ín; àárọ̀ yìí nìkan ni ìdílé rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù jọ máa ń rí i. Kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwa dókítà tó ń tọ́jú eléré ìdárayá fẹ́ sọ ni pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ kankan gbé ẹ̀mí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lé ẹnì kan yìí lórí. Ọjọ́ tí kò bá wá ńkọ́? Bó bá jẹ́ òun gan-an ló ṣubú ńkọ́? Òun náà ti lé ní ogójì ọdún, òun náà ń sáré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989 ni Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú ní Sùúrùlérè tó sì kú, nígbà tí ìdíje wa pẹ̀lú Àǹgólà wà ní ìṣẹ́jú 77. Kò sẹ́ni tó kọlù ú. Bí ọkàn ṣe máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn: ẹni náà kò ní kígbe. Ó lè gbọ̀n díẹ̀ bí oníwárápá, ó sì lè máa mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni àwọn ará pápá ti máa ń sọ pé "ó ṣì ń mí." Irú mímí bẹ́ẹ̀ kì í gbé ẹ̀mí ró. Ẹni tó bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò mí bó ṣe yẹ, ẹ gbà pé ọkàn rẹ̀ ti dúró.

Kí ẹnì kan pe nọ́mbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112. Lẹ́sẹ̀ kan náà, kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀ tì í, kó gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà, kó gbé ọwọ́ kejì lé e, kó na apá rẹ̀ tọ́ọ́rọ́, kó sì máa tẹ àyà náà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí àyà padà sókè pátápátá kó tó tún un tẹ̀. Àwọn èèyàn kì í sábà jẹ́ kó padà, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá ń padà sókè ni ẹ̀jẹ̀ ń kún inú ọkàn. Bó bá di ìṣẹ́jú 2, kí ẹlòmíràn gbà á, torí apá ẹni àkọ́kọ́ á ti rọ̀ láìfura. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da omi sí i lójú, ẹ má sì kì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kẹ́ ẹ wá jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a kò bá tẹ àyà ń bu nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ìrètí pé yóò yè.

Nígbà tí Fabrice Muamba, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Bolton, ṣubú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2012, dókítà ọkàn kan tó wá wòran, Andrew Deaner, sáré sọ̀ kalẹ̀ wọ pápá. Ọkàn Muamba dúró fún ìṣẹ́jú 78, síbẹ̀ ó yè. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró de Deaner. Àwọn tó wà lórí pápá ti ń tẹ àyà kó tó débẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ènìyàn 3 tó mọ àyà títẹ̀, yàtọ̀ sí dókítà: réfírí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹnì kan nínú àwọn tó ń wòran. Ìdílé dókítà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ọmọ ọdún 12 lágbára tó láti tẹ àyà àgbàlagbà.

Ọrùn ẹsẹ̀ tó yí kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa èèyàn ló ń bà á jẹ́. Ẹ fi aṣọ wé piọ wọ́tà tó ti dì, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 20, ẹ máa tún un ṣe ní wákàtí 2 sí 3 fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Omi gbígbóná, róòbù àti fífà á lọ́jọ́ náà ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti já nínú túbọ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó lọ ya fọ́tò egungun. Ẹni tó bá fi orí gbá orí tó sì dàrú kò gbọdọ̀ padà wọ pápá lọ́jọ́ náà. Bó bá ń bì tàbí tó ń tòògbé ṣáá, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì ní kí dókítà gún yín lábẹ́rẹ́ apàrora kẹ́ ẹ lè gbá ìdíje. Ìrora náà ló ń sọ ibi tó já. Bí oògùn yìí bá sì bá ara tó ti làágùn gbẹ pàdé, kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀.

À ń bẹ Olóòtú pé kí ẹ máa tẹ nọ́mbà 767 àti 112 sí ojú ewé eré ìdárayá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn ẹgbẹ́ lè gé e lẹ̀ mọ́ ara géètì pápá wọn.

Àwa dókítà òǹkàwé yín,
Yábàá, Èkó